Òjò Àkọ́rọ̀ Bá Àwa Méjèèjì Nílé

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, òjò àkọ́rọ̀ kì í yọ́ wọ̀lú. Ìhà ìlà-oòrùn ló ti ń ṣú bọ̀. Ìjì á kọ́kọ́ ṣáájú, á da eruku sára gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn, páànù ilé tí wọn ò kàn dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, màngòrò tí kò tíì pọ́n á máa já lulẹ̀ gbì, gbì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni omi tó ń dé. Ẹni tó bá lo oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà níbí, tí ooru ò jẹ́ kó sùn, tó ju korobá sínú kànga tó sì gbọ́ tó kan òkúta nísàlẹ̀, ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń jáde síta wá wo òjò yẹn.

Àkókò yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́: òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igi tó ń rúwé, ọmọ-ọmọ wa tó ti bọ́ kóòtù sílẹ̀. Ìgbà ìrúwé tiwọn nìyẹn. Tiwa ni òjò yìí, òun sì ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ nípa bí èmi àti ìyàwó mi ṣe ń gbé láti ìgbà tí a ti fẹ̀yìn tì tí a sì padà sílé.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó ṣe. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún mọ bó ṣe ń rí. Ọkọ̀ àárọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà aago mẹ́ta òru ni mò ń jí. Òun á ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn tí mo ti lọ, á sin àwọn ọmọ dé ilé ìwé, á padà wálé wá sùn. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, ojú oorun ni màá bá a. Tó bá fi máa jí tán, èmi ni mo ti ń tòògbé lórí àga. A ò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí tó máa bá wa gbé ọmọ, owó àwọn tó ń gba ọmọ tọ́jú sì wọ́n kọjá agbára wa, nítorí náà iṣẹ́ àwa méjèèjì ò gbọ́dọ̀ bọ́ sí wákàtí kan náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ wọn. Ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀: ọbẹ̀ wà nínú abọ́ funfun, ọmọ ń wúkọ́ lóru, mo ti fún un lóògùn, má gbàgbé owó gáàsì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi gbé ilé kan náà. Wákàtí kan náà ni a ò gbé.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ṣì wà lọ́hùn-ún, tí ìfẹ̀yìntì tiwọn ti ń sún mọ́lé, máa ń pè wá láti béèrè ọ̀rọ̀. Iná ńkọ́? Ààbò ńkọ́? Ilé ìwòsàn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, mi ò sì ní fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn mi ń fẹ́ kí wọ́n bi ara wọn, kò tíì sẹ́ni tó bi mí: ṣé ìwọ àti ìyàwó rẹ ti jókòó pọ̀ rí láti òwúrọ̀ dé alẹ́, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, tí kò sì síbi tí ẹnikẹ́ni ń lọ? Èèyàn lè kọ́ ilé alájà mẹ́ta kalẹ̀ ní ìlú rẹ̀ kó má tíì múra sílẹ̀ de ìyẹn rárá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, kò rọrùn. Ìyàwó mi ní ọ̀nà tó ń gbà fọ abọ́, mo ní tèmi. Mo fẹ́ràn kí rédíò máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Òun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sun oorun ọ̀sán kò fẹ́ gbọ́ ariwo kankan kí oòrùn tó wọ̀. Mo bọ́ sí kíṣíìnì láti ràn án lọ́wọ́, ó ní mo ń dí òun lọ́nà. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, èmi náà sọ ohun kan náà. Ahọ́n àti eyín ń jà, a mọ̀. Àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjà wa níbi sísá: èmi á bọ́ síta, òun á lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀. Òjò ló dí ọ̀nà yẹn. Nígbà tó bá ń rọ̀ lórí páànù, tí títì ti di ẹrẹ̀, tí ọlọ́kadà kankan ò kọjá, ẹ ó jókòó ni. Ẹ ó sì sọ̀rọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ là wá lóye ni aago mẹ́ta òru. Ara kì í tètè gbà pé iṣẹ́ ti parí. Títí di òní, aago mẹ́ta lojú mi ń là. Aago yẹn náà lojú ìyàwó mi máa ń dá jù, torí òun ni wákàtí tó máa ń rìn láti ibùsùn aláìsàn kan dé òmíràn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀, a bá ara wa ní kíṣíìnì, kálukú rò pé ẹnì kejì ṣì ń sùn. Ó po ògì. A jókòó tì í. Ìgbà yẹn ló wá sọ fún mi nípa bàbá kan tó tọ́jú lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wa wọ ilé ìwé, bàbá tó máa ń fi gbogbo òru pe orúkọ ajá rẹ̀ tó ti kú. Ó ní òun máa ń dáhùn pé ajá náà ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàbá á sì dákẹ́. Ó tọ́jú rẹ̀ títí tí bàbá fi jáde láyé. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mo rí i lójoojúmọ́, mo rí i pé ó rẹ̀ ẹ́, mo sì rò pé iṣẹ́ lásán ló fà á. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣọ̀fọ̀.

Báyìí a ti sọ aago mẹ́ta di tiwa. Kì í ṣe gbogbo òru, ṣùgbọ́n lásìkò òjò ó pọ̀. Èmi náà ti sọ tèmi: àwọn ọ̀dọ́ tó sọ̀kò lu fèrèsé ọkọ̀ mi, obìnrin tó máa ń wọkọ̀ láràárọ̀ tó sì máa ń fi Yorùbá kí mi lóhùn jẹ́jẹ́ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún kì í tán bọ̀rọ̀.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, oko ló kàn. Kì í ṣe oko ńlá. Ẹ̀yìn ilé wa ni, ilẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ní ká fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti tẹ̀tẹ̀ la sì gbìn sí i. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Á rọ̀ ní ìparí Ẹrẹ́nà, inú gbogbo èèyàn á dùn, ọ̀dá á tún dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, irúgbìn tó ti hù á gbẹ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ lágbègbè wa kì í torí òjò kan gbin àgbàdo. Wọ́n á dúró de èkejì, de ẹ̀kẹta. Ìyàwó mi ní ìwé kan tó ń kọ ọjọ́ òjò sí, bó ṣe ń kọ ti aláìsàn: ọjọ́ tó rọ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì á lọ ki ìka gbọọrọ bọ ilẹ̀ láàárín poro. Tí ilẹ̀ bá tutù dé oríkèé ìka kejì, á kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ nìkan ló rin, á ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù." Mo sì ń ṣe sùúrù, torí òun ló mọ̀ ọ́n wò jù mí lọ.

Lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti hù tó ga dé orúnkún, kòkòrò á dé. Èyí tó ń dà wá láàmú ni kòkòrò kan tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 2016. Inú ọkàn àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń lọ́ jáde, ló máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ á jẹun. Ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ lára ewé, ẹ ó sì rí ìgbẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun igi tí káfíńtà rẹ́ sílẹ̀. Oògùn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kan kọ́ wa ní eérú. Eérú ààrò tí a jọ̀, tí a pò mọ́ iyanrìn kíkúnná, la ń lò. Ìyàwó mi á ṣíwájú, á fi ọwọ́ méjèèjì la ewé sọ́tùn-ún sósì kí ọkàn rẹ̀ lè hàn. Èmi á tẹ̀ lé e pẹ̀lú agolo mílíìkì, màá bu ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú, màá dà á sí i. Ọ̀kan, òmíràn, láti ìbẹ̀rẹ̀ poro dé ìparí rẹ̀. Tí òjò bá fọ eérú náà dànù, a ó tún padà ṣe é. Ẹnì kan lè dá a ṣe, àmọ́ ewé á máa ya á lójú, eérú á sì máa dànù. Iṣẹ́ èèyàn méjì ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó, torí oṣù Igbe ni oṣù tó máa ń dùn mí jù. Oṣù yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọọdún. Ní 2024, owó ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí owó tí wọ́n ń gé lára owó oṣù rẹ̀ pé lábẹ́ ètò tuntun di £221.20, ní 2025 ó di £230.25. Ẹni tó bá kó wá sí Nàìjíríà kò ní bá wọn pín àfikún yẹn. Iye tó ń gbà nígbà tó kúrò ni wọn á máa san fún un lọ, ọdún dé ọdún, nítorí pé kò sí àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lórí rẹ̀. Ó lé ní 400,000 èèyàn tó wà nípò yìí káàkiri ayé. Àwọn tó wà ní Kánádà àti Ọsirélíà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jàmáíkà ní àdéhùn tirẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ wa ọkọ̀ nínú gáréèjì kan náà, tí wọ́n jọ ń gé owó kan náà lára owó oṣù wa. Ó padà sí Jàmáíkà, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tirẹ̀ ń lé sí i, tèmi dúró síbi tó wà. Inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n owó tí mo san ni mò ń béèrè, kì í ṣe ìtọrẹ àánú, mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ padà sílé pé kó ṣèṣirò rẹ̀ dáadáa kó tó ta ilé.

Òótọ́ ni pé láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdu 2023, pọ́n-ùn kan ń di náírà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan ń wò wá pé a ti jẹ. Gàrí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti epo ọkọ̀ kò dúró dè wá. Síbẹ̀, tí mo bá wo ọ̀rẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ níbí, tó ṣì ń retí owó tí wọ́n jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa ráhùn létí rẹ̀. A máa ń gbé àgbàdo àti ẹ̀gúsí lọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi wárà ránṣẹ́.

Lórí iná, sólà la gbé ara lé. Ní oṣù Igbe 2024 ni iye owó iná àwọn tí wọ́n pè ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, fò sókè di ₦225 lórí ìwọ̀n kan. Àdúgbò wa ò sí lára wọn. Òjò àkọ́rọ̀ sì ń ṣe wá lóore níbẹ̀: ó máa ń fọ gbogbo eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì á tún máa kún bó ṣe yẹ, àyàfi lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú látàárọ̀.

Lórí ìlera, a ní oríire. Ilé ìwòsàn tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907, tó ti di ti Yunifásítì Bowen báyìí, kò jìnnà sí wa. Tí ọ̀rọ̀ bá le ju ìyẹn lọ, ọ̀nà Ìbàdàn ni. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣí ní 2012, níbi tí wọ́n ti ń wo arúgbó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nílé, ìyàwó mi ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa láràárọ̀. Iyọ̀ ló ń bá mi fà á lórí rẹ̀. Ní ti ọkà, ó ti mọ̀ pé ọmọ Ajílété ni mí, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ; ó dín òkèlè mi kù, kò gbà á lọ́wọ́ mi.

Ohun kan wà tí mò ń retí lásìkò yìí ju òjò fúnra rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà òtútù, wákàtí kan la fi ṣáájú wọn: tí a bá ti jẹun alẹ́ tán, àwọn ò tíì jẹ. Láti ọjọ́ yẹn títí di ìparí oṣù Ọ̀wàrà, aago wọn àti tiwa á jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tí ọmọ wa obìnrin bá gbé fóònù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí a gbé tiwa kalẹ̀, tí gbogbo wa ń jẹun ọ̀sán ní aago méjì kan náà, ó máa ń wọ̀ mí lára. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọdé, kò sí tábìlì tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kan. Kò fi ṣe ẹ̀sùn. Ó kàn sọ ọ́.

Èyí ló sì mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù fún mi. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí a jọ padà kò sí pa pọ̀. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí oṣù Igbe, àwọn ọmọ á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá wọn: kó wá bá wọn tọ́jú ọmọ, owó ìtọ́jú ọmọ ti pọ̀ jù. Ìyá á lọ. Oṣù mẹ́ta á di mẹ́fà, mẹ́fà á di ọdún. Bàbá á wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀, á máa jẹ oúnjẹ àná, á máa wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ń rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá náà kò sinmi. Iṣẹ́ alẹ́ míì ló lọ bẹ̀rẹ̀, láìsí owó oṣù. Mo mọ bí nǹkan ṣe le fún àwọn ọmọ wa, torí ó le fún àwa náà. Síbẹ̀ mo rò pé kò tọ́. Wọ́n ti gba ara wọn lọ́wọ́ ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún nítorí ọmọ; kò yẹ kí a tún gba ìyókù lọ́wọ́ wọn nítorí ọmọ-ọmọ.

Wọ́n pe ìyàwó mi náà. Ó ronú sí i fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò dá sí i, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo dè é mọ́lẹ̀. Ó wá pè wọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun àti Dádì la jọ ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, kì í ṣe lásìkò gbígbìn. Ó ní tí ilé ìwé bá ti padé, kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá sílé níbí. Ọmọ wa ọkùnrin kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé irú oògùn ibà wo ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò kí wọ́n tó wọ bàálù.

Láti ìgbà yẹn, ìṣirò la wà lẹ́nu rẹ̀. Ilé ìwé wọn kì í padé títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù Agẹmọ. Àgbàdo tí a gbìn lóṣù Igbe á ti gbó kọjá sísè kí wọ́n tó dé. Àwọn ọmọ náà kò tíì já àgbàdo lóko rí. Inú ike ni wọ́n ti ń rí i. Ìyàwó mi gbé ìwé òjò rẹ̀ jáde, ó fi ìka ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún. Tútù rẹ̀ máa ń tó jẹ ní nǹkan bí ọjọ́ 80. Èmi ní ká gbin ìpín kejì ní ìparí Èbìbí. Ó ní yóò pẹ́ jù, pé bí òjò bá lọ tètè dá nínú Agẹmọ, ọmọ àgbàdo ò ní yó. A jà á díẹ̀, lóru, lórí ògì. Ìdajì Èbìbí la wá fẹnu kò sí. Poro mẹ́rin tó wà lápá ibi kànga la fi sílẹ̀ fún un. Èmi ni màá tún un kọ, òun ni yóò gbìn ín, ọmọ méjì méjì nínú ihò kan, a sì ti ń kó eérú jọ.